Kí Ẹjọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀, Mo Ní Nǹkan Láti Sọ

Ọjọ́ tí Kóòṣì kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Abẹ́rẹ́, ìbínú ló fi jáde níbẹ̀.

Kápẹ́ńtà ni Kóòṣì. Àga àti tábìlì ló ń kàn láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, á kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sórí pápá ẹ̀yìn ilé ìwé, á máa kọ́ wọn ní kíríkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Kóòṣì, títí kan ẹni tó wá gbé ìlẹ̀kùn tó kàn fún un. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó gbé àpò ńlá kan wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà. Páàdì mẹ́fà tí àwọn ọmọ máa ń so mọ́ ojúgun wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ti já. Àṣíborí kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ọmọ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù máa ń dé.

Obìnrin náà wo àwọn páàdì, ó ní òun máa rán wọn. Ó wá gbé àṣíborí, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e lọ sójú fèrèsé.

"Èyí, mi ò ní rán an."

"Okùn ẹ̀ ló já, mà. Okùn nìkan."

"Okùn ẹ̀ já, òun fúnra ẹ̀ náà ti là. Ẹ wo ibí yìí." Ó fi èékánná tọ ojú ìlà tín-ín-rín kan. "Ta ló ń dé e?"

"Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni."

"Ẹ ń ju bọ́ọ̀lù líle sí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá fi igbá tó ti sán dé e lórí?"

"Mà, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ rán an. Kí n kọ́ wọn ni iṣẹ́ tèmi."

"Ẹ wá ẹlòmíì tó máa rán an. Èmi ṣì fẹ́ máa rí oorun sùn ní tèmi o."

Kóòṣì gbé àpò ẹ̀, ó jáde. Bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ló ń kùn pé, irú obìnrin wo rèé, tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ! Àmọ́ nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ara ò gbà á. Ó gbé àṣíborí náà sórí igi, ó fi òòlù kàn án, kò tiẹ̀ lù ú. Ó là sí méjì gbáà. Kóòṣì jókòó sórí ìyẹ̀fun pákó, ó rántí orí ọmọ tó wà nínú ẹ̀ ní Sátidé tó kọjá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló kó ìdajì méjèèjì padà lọ.

"Ẹ ṣeun, mà. Orí ọmọ kan lẹ kó yọ lónìí. Ẹ dákun, ẹ má bá mi bínú."

Obìnrin náà gba ìdajì méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó. Kí lẹ tún pe orúkọ eré yẹn?"

Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ọpẹ́ yẹn ló mú kí obìnrin náà wá sí pápá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó mú aṣọ tó ń rán dání, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wò. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ márùn-ún kan náà ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn tó kù kàn ń sáré lọ he é nínú igbó? Ta ló ń sin àwọn kéékèèké délé? Tí ẹnì kan bá ṣe ọmọ kan níbi, ta lọ́mọ náà máa sọ fún? Kóòṣì ń họrí. Kò sí èyí tó ti rò nínú wọn rí.

Kò pé oṣù mẹ́ta, òfin ti wà lára ìlẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti igi tí wọ́n fi ń gbá a sí. Gbogbo ọmọ ló máa gbá bọ́ọ̀lù, yálà ó mọ̀ ọ́n gbá tàbí kò mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tàbí nínú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá dé àṣíborí kò ní fọwọ́ kan igi. Wọ́n tún fi ti àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n máa ń jù, ófà kan ni wọ́n ń pe mẹ́fà náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá, tó bá ti ju ófà mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ó gbọ́dọ̀ lọ sinmi. Àwọn òbí wá yan obìnrin náà pé òun ni àwọn ọmọ á máa mú ẹjọ́ wọn lọ bá. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ kó ìdajì nínú orúkọ yẹn, ẹnu ẹ̀ kó ìdajì tó kù.

Kóòṣì kọ́kọ́ ráhùn pé òfin ti pọ̀ jù. Ẹ wá wo ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ mọ́kànlá ló ní tẹ́lẹ̀, wọ́n di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń he bọ́ọ̀lù nínú igbó, ọmọbìnrin Alápatà, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, nígbà tó kàn án láti ju bọ́ọ̀lù, ó jù ú. Ṣíù! Igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹni tó ń gbá a ṣubú lulẹ̀, ìyẹn sì ni pé onítọ̀hún gbọ́dọ̀ jáde. Láti ọjọ́ yẹn, Mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n ń pè é.

Ìfẹ́ ńkọ́? Ó ti wọlé, kò kan ìlẹ̀kùn. Páàdì tí Kóòṣì lè kó lọ tún rán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e lọ. Nígbà tí èyí tó já tán, ó wá ọgbọ́n míì dá.

"Kóòṣì," Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní, ó gbé páàdì kan sókè, "èyí ò gbó o. Ọ̀bẹ ló gé e."

"Eku ni, mà."

"Eku ọ̀hún ń lo ọ̀bẹ?"

"Eku ayé ìsìnyí, mà, wọ́n ti lajú."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kóòṣì gbádùn ẹ̀rín yẹn délé, ó gbádùn ẹ̀ mọ́jú. Àmọ́ kó lanu kó sọ̀rọ̀, ó tì. Ọkùnrin tí ohùn ẹ̀ ń la pápá já, tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí, ahọ́n ẹ̀ á di òkúta. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni, kò níyàwó rí. Ìyá ẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ẹ̀, ojoojúmọ́ ayé sì ni Màmá ń bi í pé, "Ta lo ń dúró dè?"

Báyìí ni nǹkan wà títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ẹgbẹ́ àdúgbò kejì figagbága.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ kò wá lọ́jọ́ náà, ó ní aṣọ tó gbọ́dọ̀ gbé fún oníbàárà. Mọ̀nàmọ́ná ti ju ófà mẹ́rin, ó ti lé èèyàn márùn-ún jáde. Èèyàn méjì péré ló kù kí wọ́n borí. Alápatà, bàbá ẹ̀, ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: "Ẹ má yọ ọ́ o! Ẹ fi í sílẹ̀!" Kóòṣì wo ìwé tí wọ́n fi ń ka bọ́ọ̀lù. Ó wo ọmọ náà.

"Ṣé o ṣì lè ṣe é?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ọmọ wo ló máa sọ pé rárá fún Kóòṣì ẹ̀ lójú bàbá ẹ̀? Ófà mẹ́ta ló tún jù. Wọ́n borí, wọ́n gbé e sókè, ariwo sọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Mọ̀nàmọ́ná ò lè gbé ọwọ́ sókè ya irun ara ẹ̀. Kò sọ fún bàbá ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Abẹ́rẹ́ ló gbà lọ tààrà, ó sì sọ gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà kan tẹ Kóòṣì lọ́wọ́. Ó mọ ìkọ̀wé yẹn, ó tọ́ gbọọrọ bí ojú ìrán. "A ti gba ẹ̀sùn kan nípa yín. Ẹ wá sí kíláàsì kìíní ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Ẹ̀sùn yẹn dùn ún, torí ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Àmọ́ gbólóhùn ìkẹyìn ló gbé e lulẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ọ̀sẹ̀ yẹn ló tó jẹ́wọ́ ẹ̀ fún ara ẹ̀, nígbà tó rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ó sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀ nídìí oúnjẹ. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Obìnrin tó kọ ìwé ẹjọ́ sí ọ, òun lo ní o nífẹ̀ẹ́ sí?"

"Òun ni, Màmá."

"Tí o sì máa lọ jókòó kí ọmọ ọdún mọ́kànlá wá rojọ́ ẹ? Àgbà kì í bẹ ọmọdé o. Bàbá ẹ ò ṣe é rí, títí tó fi kú."

"Màmá, mo jẹ̀bi."

"Ẹni tó jẹ̀bi náà lè dákẹ́," Màmá dáhùn, ó sì gbé ṣíbí ẹ̀ padà.

Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni kíláàsì kìíní. Àga ibẹ̀ kéré débi pé orúnkún àwọn òbí fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n lágbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ-ọmọ ẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́, wà níwájú. Òun ló yẹ ọwọ́ Mọ̀nàmọ́ná wò. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alápatà, wọ́n ti fi aṣọ gbé ọwọ́ ẹ̀ kọ́ ọrùn. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì lé itan. Òun ló ní òun máa tẹ̀ lé ọmọ òun, kò sẹ́ni tó pè é.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kò wo ọ̀dọ̀ Kóòṣì.

"Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ní nǹkan láti sọ. Òfin keje wa ni pé, ẹni tó bá máa gbọ́ ẹjọ́, tí nǹkan kan bá wà láàárín òun àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba, kó sì yẹra. Èmi ni mo kọ òfin yẹn. Mo fẹ́ yẹra."

Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ṣé mọ̀lẹ́bí yín ni Kóòṣì ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹ ń bára yín jà ni?"

"A ò jà, mà."

"Kí ló wá wà láàárín yín?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Ẹnì kan wúkọ́, ó tètè gbé e mì.

"Ó ti ń lọ sí ọdún kan," Àǹtí Abẹ́rẹ́ ń bọ́rọ̀ lọ. "Òun ò mọ̀. Tí mo bá dá a láre, ẹ máa ní ìfẹ́ ló fà á. Tí mo bá dá a lẹ́bi, èmi fúnra mi ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀bi ẹ̀ ni mo rí, àbí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé mi ò ṣègbè. Ọmọ yìí ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ẹjọ́ ẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ mi." Ó gbé ìwé fún un, ó rìn lọ sẹ́yìn pátápátá, ó jókòó.

"Yéè!" Alápatà pariwo. "Ẹjọ́ la wá gbọ́, ìgbéyàwó la bá níbẹ̀!"

Ẹ̀rín bú gbàù. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì gbá tábìlì. "Ẹ dákẹ́ o, ẹ dákẹ́! Kóòṣì, ẹ pa ẹnu yín dé ná, kẹ́ ẹ wá là á fún wa, ká gbọ́ tẹnu yín."

Òótọ́ ni, Kóòṣì ti lanu sílẹ̀ látìgbà yẹn. Ó dìde. Ó ti to àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láti ilé, pé ọmọ náà ló gbà, pé òun bi í kó tó jù ú. Gbogbo ẹ̀ ti fò lọ. Ó rìn lọ síwájú Mọ̀nàmọ́ná, ó lóṣòó kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé.

"Mo mọ iye tó o ti jù. Mo kà á. Mo bi ọ́ bóyá o lè ṣe é, mo sì mọ̀ pé o ò lè sọ pé rárá fún mi. Mo fẹ́ borí. Má bínú."

Ọmọ náà wo bàbá ẹ̀, ó wo Nọ́ọ̀sì. "Ṣé mo ṣì máa ju bọ́ọ̀lù?"

"Tí Nọ́ọ̀sì bá ti ní ọwọ́ ẹ san. Ófà mẹ́rin, kò ní lé kan."

"Ó dáa, sà. Ẹ ṣeun, sà."

Alápatà ti ń nu ojú. "Èmi náà jẹ̀bi," ó ní. "Èmi ni mò ń pariwo."

Nọ́ọ̀sì dájọ́: oṣù kan àtààbọ̀ ni Kóòṣì ò fi ní darí eré kankan. Á máa jókòó sídìí pápá pẹ̀lú pẹ́ńsù, á máa ka bọ́ọ̀lù fún àwọn tó kéré jù. Ó ní ọwọ́ ọmọ náà máa san láàárín oṣù kan, kí wọ́n dúpẹ́ pé ó tètè sọ̀rọ̀, torí ká ní ó tún jù ú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni, ohun míì ni wọn ì bá máa sọ. Gbogbo ilé dúpẹ́. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ tó Kóòṣì. Nígbà tó wẹ̀yìn, Màmá ti lọ, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó bá Àǹtí Abẹ́rẹ́ níbi tó ti ń ti yàrá igi àti bọ́ọ̀lù.

"Ohun tẹ́ ẹ sọ nínú ilé yẹn, ṣé torí òfin ni?"

"Òfin ló ní kí n sọ ọ́," obìnrin náà dáhùn, ó ṣì kọjú sí kọ́kọ́rọ́. "Òfin kọ́ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mò ń fi ọ̀bẹ gé páàdì."

"Mo mọ̀. Eku wo ló ń tọ ojú ìrán?"

"Olólùfẹ́ mi," Kóòṣì sọ ọ́, ẹnu ya òun fúnra ẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Ọ" yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pè é ní "ẹ̀yin" nìyẹn. Àǹtí Abẹ́rẹ́ wá yíjú sí i.

"Tó o bá fẹ́ mi, mi ò lè máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ mọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ fẹjọ́ ẹ sùn, ṣé ìyàwó ẹ ló máa wá bá?"

"Kí n fi iṣẹ́ Kóòṣì sílẹ̀ ni?"

"Rárá o. Nọ́ọ̀sì á gba tèmi. Mo ti bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo ní ó lè jẹ́ pé mi ò ní lè ṣe é mọ́. Mi ò sọ ìdí ẹ̀."

"Ọjọ́ Ajé? Kó o tó kọ lẹ́tà sí mi?"

"Kí n tó kọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Màmá ńkọ́? Mo rí ojú wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Mo ti wọ ilé tí ìyá ọkọ ò ti fẹ́ mi rí. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni mo fi wo egbò ẹ̀ san. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ o, àmọ́ mi ò ní wọ irú ẹ̀ mọ́. Tí wọn ò bá gbà, jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi dákẹ́. Tí Kóòṣì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, á ní "Hùn." Tó bá bẹ̀ ẹ́, á ní òun fẹ́ lọ ká aṣọ. Ní Sátidé, Kóòṣì á lọ jókòó sídìí pápá, á máa fi pẹ́ńsù ka bọ́ọ̀lù, ọkàn ẹ̀ á wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù ń bà á pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa kú sí nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà lábẹ́ tábìlì tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi ń gé aṣọ, ó ń kan ẹsẹ̀ ẹ̀ kan tó ti yẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ohùn, ọwọ́ ẹ̀ sì dúró lórí ìṣó.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní. "Ẹ jókòó, mà."

"Ẹ̀rí ọkàn ló gbé mi wá," Màmá ní, àga dún lábẹ́ ẹ̀. "Jẹ́ n sọ ọ́ kó tó bọ́ lẹ́nu mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo bá bàbá Kóòṣì gbé. Èèyàn dáadáa ni. Ebi ò pa mí nílé ẹ̀, kò sì nà mí. Àmọ́ mi ò gbọ́ 'má bínú' lẹ́nu ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe dá ọkùnrin nìyẹn. Mo wá rí ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn, tó lóṣòó síwájú ọmọ kékeré, tó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, tí nǹkan kan ò ṣe é. Mo délé, mo sunkún. Mo rò pé inú ló ń bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó mọ̀ pé owú ni mò ń jẹ. Ìwọ máa gbọ́ 'má bínú' nílé ọkọ. Èmi ò gbọ́ ọ rí. Ọmọ mi, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, torí ìwọ lo jẹ́ kí n rí ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe dáa tó nìyẹn."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní, "Màmá, ẹnì kan wà lábẹ́ tábìlì o."

"Mo rí bàtà ẹ̀ kí n tó wọlé. Ó dáa kó gbọ́."

Kóòṣì rá jáde, ìyẹ̀fun pákó kún orí ẹ̀. Ó lóṣòó síwájú ìyá ẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Kí lo ṣe?"

"Ti Bàbá ni. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún yín kò sí mọ́. Èmi ni mo kù. Gbogbo ọdún yẹn, Màmá, ẹ má bínú."

Màmá wò ó. Ó ṣí báàgì, ó wá áńkáṣíìfù, kò rí i. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ya aṣọ funfun kan lára èyí tó ń gé lọ́wọ́, ó fi lé e lọ́wọ́. Màmá nu ojú, ó fun imú, ó mí kanlẹ̀. Ó wá dìde dúró, ó na apá méjèèjì.

"Ó ti tó. Ìyàwó mi, mú téèpù ẹ, kó o wọ̀n mí. Aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, mi ò fẹ́ kó fún mi lápá o."